Àlejò Tó Wá Wo Bí A Ṣe Ń Di Ìpékeré

Mo ti pa ẹ̀rọ, mo sì ń fi aṣọ tútù nu epo kúrò lójú irin tó máa ń lẹ ẹnu náílọ́ọ̀nù, nígbà tí Alhaja yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní àlejò ń bọ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí. Ẹ ń kọ tiyín, èmi ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n eléyìí ti kún mi dé ọ̀fun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, kò jìnnà sí Dopemu. Ìpékeré là ń ṣe. Àwọn ọkùnrin ń dín in ní ọwọ́ iwájú, àwa obìnrin ń dì í ní ẹ̀yìn. Èmi ni olórí àwọn tó ń dì í. Alhaja ló ni ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ Agége pọ́ńbélé ni wọ́n. Ìyá wọn ló fi àtẹ bẹ̀rẹ̀ òwò yìí kó tó di ilé-iṣẹ́. Mámà náà ti lọ, ṣùgbọ́n àwòrán wọn ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì, wọ́n ń wo gbogbo wa.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni Alhaja o. Nígbà tí ara ọmọ mi Dámi ò yá, mọ́tò wọn ni wọ́n fi gbé wa lọ sí ọsibítù, wọ́n sì jókòó tì wá. Ọwọ́ wọn là. Ṣùgbọ́n orí kunkun! Haa!

Ohun tó ń dà wá láàmú nìyí. Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní Opebi ń gba ọjà wa. A ó kó páálí lọ, kò ní pẹ́, wọ́n á dá òmíràn padà nínú rẹ̀. Tí a bá tú páálí yẹn, a ó bá náílọ́ọ̀nù tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí, ìpékeré inú rẹ̀ á sì ti rọ̀ jọ̀bọ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò ṣí, ìpékeré tirẹ̀ á ti rún wómúwómú bíi gàrí. Ta ló fẹ́ fi ṣíbí jẹ ìpékeré?

Nígbà tó yá, màníjà súpámákẹ́ẹ̀tì náà pe Alhaja fúnra rẹ̀. Ó ní tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ò gba ọjà wa mọ́ nìyẹn.

Alhaja ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tán tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. “Ìyá Dámi, ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ wọ̀nyí ò dáa. Bí ẹni tí oorun ń kùn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ọjà bá fi padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo wọn ló ń lọ ilé. Màá kó àwọn ẹlòmíì wá.”

Àwọn obìnrin mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní ọmọ mi. Sìdí ló dàgbà jù nínú wọn. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ ọmọ. Ó kàn wo ojú mi.

Kí ni kí n sọ fún un? Mo mọ ohun tó ń ṣí ẹnu náílọ́ọ̀nù. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èènì ni!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A máa ń bu ìpékeré sínú náílọ́ọ̀nù, a ó gbé e lé ìwọ̀n. Tó bá ti pé, ó yẹ kí a lẹ ẹnu rẹ̀, kó máa lọ. Rárá o! Òfin Alhaja ni pé lẹ́yìn ìwọ̀n, ọwọ́ gbọ́dọ̀ bu èènì lé e. Ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é lórí àtẹ nìyẹn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ra ọjà lọ́wọ́ ìyá àwọn tí kò gba èènì, títí kan ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ó dáa. Lórí àtẹ, ó dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé náílọ́ọ̀nù yìí sí ìwọ̀n! Tí èènì bá ti wọ inú rẹ̀, ó kún dé ẹnu nìyẹn. A máa wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, kí irin lè rí ibi gbá mú. Níbi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́, ìpékeré ń fọ́. Epo àti ẹ̀rún rẹ̀ á sì dúró sí ẹnu náílọ́ọ̀nù. Irin á lẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò ní mú. Tí a bá kó o sínú páálí, páálí á wú bí ikùn aláboyún, àfi kí ẹnì kan jókòó lé e kí a tó lè fi sẹ́lótéèpù dì í. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé páálí mìíràn lé e lórí. Ṣé kò ní ṣí?

Mo ti sọ ọ́ fún Alhaja rí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n bi mí pé ṣé mo fẹ́ kí ayé máa pe àwọn ní ahun ni. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n wá dá lẹ́bi. Wọ́n pe àwọn tó ń ṣe é fún wa ní Ìkẹjà, wọ́n fi ohùn líle bá wọn sọ̀rọ̀ pé náílọ́ọ̀nù wọn ò nípọn. Àwọn yẹn fi sùúrù dá wọn lóhùn, wọ́n ní àwọn á rán ẹnjiníà kan wá kó wo bí a ṣe ń dì í, níbi tí a ti ń dì í gan-an, kó lè mọ ibi tó ti ń bàjẹ́. Òun ni àlejò tí Alhaja wá sọ fún mi yẹn.

Inú mi dùn! Mo ní ó tán, ẹni tí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i ń bọ̀. Èmi ò ní láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́.

Mi ò mọ̀ pé mo ti yára yọ̀ jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń wọlé ni Alhaja ní kí a fọ ilẹ̀. A fọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí a fọ ògiri. A fọ ògiri! Wọ́n kó épírọ́ọ̀nù tuntun jáde, tí ibi tí wọ́n ká a sí ṣì hàn lára rẹ̀. Àpótí tí a máa ń gbé lé páálí kí a tó jókòó tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí a gbé e pa mọ́ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pé ó ń kó ìtìjú bá àwọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń dán, wọ́n dúró sí àárín yàrá, wọ́n pàtẹ́wọ́ kí a lè gbọ́.

“Ẹ gbọ́ o. Lónìí, ìwọ̀n lẹ máa tẹ̀ lé. Kò sí èènì lónìí. Mi ò fẹ́ kó lọ sọ ní Ìkẹjà pé àwa ò mọ ìwọ̀n.”

Mo rò pé etí mi ló ń dún. Mo ní, “Alhaja, bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ mà ló ń bọ̀ wá wò.”

“Ìyá Dámi, ṣé èèyàn máa ń fi ilé tí kò gbá han àlejò ni?”

“Tó bá wá rí i pé kò sóhun tó ṣe wá ńkọ́, mà?”

“Á jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe wá nìyẹn. Ó ku ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ.”

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí! Ẹ pe dókítà wá sílé, ẹ wá fi àtíkè kun egbò mọ́ ọn lójú?

Ẹnjiníà náà dé. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ó wọ ṣòkòtò àti bàtà tó ki. Fúnmi lorúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń kí wa, a ti gbọ́ ohùn Èkìtì lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaja, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń di ọjà.

Alhaja ní, “Kí lo ń sáré sí? Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni? Jókòó kóo jẹun.”

Ìrẹsì dé. Ó jẹ díẹ̀, ó dìde. Alhaja bi í pé ẹran ńkọ́, ṣé wọn kì í jẹ ẹran ní Èkìtì ni? Ó tún jókòó. Ó jẹ ẹran, ó dìde. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù dé. Ó tún jókòó. Lẹ́yìn náà ni Alhaja nawọ́ sí àwòrán ara ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìyá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń yí ẹsẹ̀ padà. Ọmọ Èkìtì yẹn ní sùúrù! Èmi ìbá ti sunkún.

Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ àárọ̀ ti fẹ́ẹ̀ parí.

Àwọn ọmọ mi wá ń dì í bí ẹni tó wà nínú ìdánwò. Sìdí ń fi ṣóńṣó ìka gbé náílọ́ọ̀nù bíi pé ẹyin ni. Ìwọ̀n pé, wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìpékeré inú rẹ̀ ṣì wà lódindi. Ẹnjiníà Fúnmi ki ọ̀kan bọ inú bákẹ́ẹ̀tì omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀, ó ń wò ó bóyá afẹ́fẹ́ máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò sí. Ó gbé páálí kan sókè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ lulẹ̀, ó tú u. Ìpékeré inú rẹ̀ ò fọ́. Ó wo irin. Ó fi rúlà wọn náílọ́ọ̀nù. Ó họrí.

Ó ní, “Alhaja, náílọ́ọ̀nù dáa, ẹ̀rọ dáa. Pẹ̀lú ohun tí mo rí yìí, kò yẹ kí ẹyọ kan ṣí.”

Alhaja yíjú sí mi. “Ìyá Dámi, o gbọ́? Ẹ̀rọ dáa. Náílọ́ọ̀nù dáa. Kí ló wá kù?”

Sìdí gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnjiníà náà wá bi mí bóyá bí a ṣe máa ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti kó ẹrù ilé fún Sìdí àti àwọn yòókù. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo tú ọ̀gá mi síta níwájú àlejò, nínú ilé ara wọn. Ṣé ẹ̀yin á lè ṣe é?

Mo ní, “A máa ń gbìyànjú, mà.”

Ìdáhùn rádaràda wo nìyẹn? Ẹnu ara mi ló bí mi nínú.

Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í kó rúlà rẹ̀ sínú báàgì. Mo ń wò ó bó ṣe ń fa zíìpù báàgì náà, ó ń ṣe mí bíi kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àfi bí Alhaja ṣe ní, “Àlejò kì í ti ọ̀dọ̀ mi lọ lọ́wọ́ òfìfo.” Sìdí na náílọ́ọ̀nù kan tí a ti dì sí wọn, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ìyẹn ò yẹ ẹni tó ti Ìkẹjà wá. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n mú náílọ́ọ̀nù tuntun, wọ́n bu ìpékeré sí i fúnra wọn, wọ́n gbé e lé ìwọ̀n kí àlejò lè rí i pé àwọn mọ ìwọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ wọn lọ síbi èènì. Ó kàn lọ ni!

Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan. “Èyí ni tìẹ.” Wọ́n tún bu òmíràn. “Èyí ni ti ọkọ ẹ.”

“Mi ò tíì lọ́kọ, mà.”

“Á dé láṣẹ Ọlọ́run! Bá a gba tiẹ̀ sílẹ̀.” Wọ́n tún bu ẹ̀kẹta, wọ́n ní ti àwọn ọmọ tí ọkọ náà máa fún un.

Náílọ́ọ̀nù ò gbà á mọ́. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ bí ìpékeré ṣe ń fọ́ lábẹ́ ọwọ́ wọn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Wọ́n fi irin lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àlejò. Ọmọ yẹn kúnlẹ̀, ó nawọ́ gbà á.

Ẹnu náílọ́ọ̀nù ṣí! Ìpékeré dà sí ilẹ̀ tí a fi gbogbo àárọ̀ fọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gba Sìdí lẹ́nu. Ó fi épírọ́ọ̀nù bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dáwọ́ dúró.

Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ ẹnu náílọ́ọ̀nù yẹn, ó wo epo àti ẹ̀rún tó bá ìka rẹ̀ jáde. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé, “Alhaja, ṣé gbogbo èyí tó ń lọ sí Opebi náà ló ń gba ti ọkọ àti ti ọmọ?”

“Rárá o! Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni tiwọn.”

Ó tú báàgì rẹ̀. Ó ní kí a jọ̀ọ́ ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe é. Mo wo Alhaja, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo mi orí sí àwọn ọmọ mi. Èènì wọlé. A tẹ̀ ẹ́, a lẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà ki í bọ omi, afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń mí. Páálí wú. Sìdí lọ gbé àpótí jáde láti ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó gbé e lé páálí, ó jókòó tẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà ń fi fóònù yà á.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀, àbí? Ẹ ò mọ Alhaja.

Ẹnjiníà ní ọ̀nà méjì ló wà. Kí a yọ èènì kúrò nínú ti súpámákẹ́ẹ̀tì, tàbí kí àwọn gé náílọ́ọ̀nù tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wa, kí èènì wọ inú ìwọ̀n.

“Èènì tí a bá ti wọ̀n, ṣé èènì ni?” Alhaja ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀. “Ọjà nìyẹn!”

Ká sòótọ́, wọn ò parọ́ níbẹ̀.

Wọ́n ní kí a yọ ọ́ pátá ńkọ́? Kí wọ́n wá sọ ní gbogbo Agége pé nígbà tí òwò bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ni èènì tán nídìí ẹ̀? Rárá. Wọ́n ní kí ẹnjiníà ṣáà lọ ṣe náílọ́ọ̀nù tó nípọn wá, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. “Ọwọ́ wọn ni mo ń sọ láti ọjọ́ yìí.”

Ọwọ́ wọn! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wọn rí!

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀. Mo ní, “Alhaja, èènì tí ìyá yín ń fún èèyàn, oníbàárà ń rí ọwọ́ tó ń bù ú. Ó ń rí i, ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà fún wọn. Ẹni tó wà ní Opebi kò rí ọwọ́ yín. Kò mọ̀ pé ẹ fi nǹkan kan lé e. Ìpékeré tó ti rọ̀ ló bá nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pè yín ní ahun, ẹ ò rí i pé olè ló máa pè yín? Nítorí èènì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí, ẹ fẹ́ lé Sìdí lọ ilé!”

Ẹ̀rín Sìdí dáwọ́ dúró. Alhaja wò mí bíi pé àga ọ́fíìsì wọn ló ṣàdédé sọ̀rọ̀. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé, wọ́n sì jáde.

Ẹnjiníà kí mi, ó gbé báàgì rẹ̀. Sìdí sáré tẹ̀ lé e dé gééètì, ó fún un ní náílọ́ọ̀nù kan tó pé ìwọ̀n, tí ẹnu rẹ̀ sì mú.

Láti ọjọ́ yẹn, Alhaja ò bá mi sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán mi, Sìdí ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún, lójú mi! “Sìdí, sọ fún ìyá yẹn pé páálí tuntun ti dé.” Sìdí á wá yíjú sí mi pé Alhaja ní páálí tuntun ti dé. Èmi náà á ní kó bá mi sọ fún wọn pé mo ti gbọ́. Àgbàlagbà mẹ́ta, nínú yàrá kan ṣoṣo!

Mo ń retí kí wọ́n lé mi. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nínú ọkàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé gééètì, mo bá tábìlì kan níbẹ̀, agbòòrùn lórí rẹ̀, àwo ńlá tí ìpékeré kún inú rẹ̀. Alhaja fúnra wọn ló jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá wá ra ọjà ní gééètì, wọ́n á gbé náílọ́ọ̀nù tí ẹnu rẹ̀ mú fún un, lẹ́yìn náà wọ́n á bu èènì látinú àwo sínú bébà, wọ́n á fi lé e lọ́wọ́. Oníbàárà á dúpẹ́, á máa jẹ èènì rẹ̀ lọ lójú títì. Inú wọn ń dùn bí ọmọdé. Wọ́n rí mi, wọ́n gbójú kúrò. “Sìdí, sọ fún ìyá yẹn pé ti súpámákẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé.”

Bó ṣe parí nìyẹn. Bíi pé láti ayébáyé ni wọ́n ti ń wí bẹ́ẹ̀.

Páálí tí a kó lọ sí Opebi láti ìgbà náà, ẹyọ kan ò padà. Àpótí tí a fi ń jókòó lé páálí, Sìdí ti gbé e lọ sílé, ó ń fi í jókòó fọṣọ. Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nídìí iṣẹ́.

Ohun tí mo fà yọ nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: tí ẹ bá pe ẹnì kan pé kó wá wo iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó bá iṣẹ́ náà bó ṣe rí. Ẹni tó wá wo ibi tó ń jò, ẹ má fi aṣọ bo ibẹ̀ dè é. Àti pé oore tó ń ba ọjà jẹ́, ẹ wá ibòmíì fún un, kò yẹ kó kú, àmọ́ kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ọ̀gá tiyín náà ti tún ilé ṣe rí de ẹni tó wá wo ìdọ̀tí? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni orí ń fọ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi àti Alhaja ti parí ìjà. Lánàá, màníjà súpámákẹ́ẹ̀tì pè, ó ní ọjà wa ti ń dára, kí a fi kún un. Alhaja wọlé tọ̀ wá. Wọn ò wo Sìdí. Èmi ni wọ́n kọjú sí gan-an. Mo dìde, mo nu ọwọ́. Mo ní lónìí ni wọ́n máa gbà pé mo jàre.

Wọ́n mú náílọ́ọ̀nù kan lórí tábìlì, wọ́n mì í, wọ́n fi ìka tọ ẹnu rẹ̀ láti òpin kan dé òpin kejì, wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìyá Dámi, ṣé o rí i báyìí? Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ? Ọwọ́ wọn ni!”